Ọjọ́ tí Wọn Kì í Dáná ní Agbonú

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi. Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í dá mi dúró lójú ọ̀nà pé, “Bùráímọ̀, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?” Bí mo bá ń fá pákó lọ́wọ́, ẹnì kan á wá jókòó lé pákó náà, á ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ni mí, n kì í ṣe apàlọ́. Nítorí náà ni mo ṣe kọ gbogbo rẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tún bi mí, ìwé yìí ni n ó nà sí i, n ó sì máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ohun tó gbé mi lọ, ẹ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, Sàlámì, ọlọ́wọ́ òsì, ló la Dàhómì kọjá lọ sí ilẹ̀ Tógò tó wà lábẹ́ àwọn Faransé, láti lọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ ti ń ya òwú kúrò lára kóró rẹ̀. Ó ní ọdún méjì lòun máa lò. Ọdún méjì pé, a ò rí i. Ọkùnrin kan tó ń kiri ọ̀bẹ wá kọjá ní Ṣakí, ó ní ìkòkò irin ńlá tó ń se omi fún ẹ̀rọ òwú ti bú gbàmù lẹ́bàá Atakpamé, ó sì pa àwọn òṣìṣẹ́. Ta ni ó pa? Kò mọ̀. Ó ta ọ̀bẹ rẹ̀ tán, ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìyá mi.

Àwọn àbúrò bàbá mi ní kí ìyá mi ṣọ̀fọ̀, ó kọ̀. Àwọn aládùúgbò ní kó fọkàn balẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀, ó tún kọ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi wà láàárín méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ wò ó, torí òbí kì í wá ojú oórì ọmọ rẹ̀ kiri. Ní àárọ̀ tí mo ń lọ, kò súre gígùn fún mi. Ó ní, “Bùráímọ̀, ‘bóyá’ ti sú mi. Bó bá wà, wá sọ pé ó wà. Bí kò bá sí, wá sọ pé kò sí. Má gbé ‘bóyá’ mìíràn wọlé tọ̀ mí wá.”

Ẹrù tí mo gbé nìyẹn. Àpò tó wà léjìká mi fúyẹ́ jù ú lọ.

Títí dé Ṣábẹ̀ẹ́

Títí mo fi dé Ṣábẹ̀ẹ́, n kò tíì kúrò nílé. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn. Obìnrin kan níbẹ̀ gbọ́ ohùn mi, ó ní ará Ṣakí kì í tètè tán nínú ìkíni, pé kí n wọlé kí n wá kí i tán nínú ilé. Mo jẹun níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ká ní mo mọ̀ pé ẹ̀rín ìkẹyìn nìyẹn fún ìgbà díẹ̀, ǹ bá fi díẹ̀ pamọ́.

Lẹ́yìn Ṣábẹ̀ẹ́ ni èdè bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí sílẹ̀. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún, lọ́la n ó gbọ́ méjì, ní ọ̀tunla orí nìkan ni mo ń mì. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í sinmi. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ibẹ̀ náà kò sì dáhùn. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè mi là, àárò ilé sì mú mi débi pé mo ń ronú kan àwọn tó jẹ mí lówó àga tí wọn kò tíì wá gbé.

Odò Mónò

Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni wọ́n fi ń gbé ènìyàn kọjá Mónò. Bí mo ṣe gùnlẹ̀ lódì kejì, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ wò mí, ọ̀kan sọ pé, “Wéèzọ̀.” Ọlọ́kọ̀ dá a lóhùn fún mi pé, “Yóò.” Mo dúró. Mo ń retí kó parí gbólóhùn náà. Yóò kí ni? Yóò rọ̀jò ni, àbí yóò burú? Ó wò mí, mo wò ó. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé “ẹ káàbọ̀” ni wéèzọ̀ lédè Ewé, pé yóò ni ìdáhùn rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń sọ pé “yóò” láì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni mo gbé ọ̀rọ̀ ìyá mi lọ.

Ní abúlé tó tẹ̀ lé e, mo fi ọwọ́ bi wọ́n léèrè ẹ̀yà wọn. Bàbá àgbà kan lu àyà, ó ní Ifẹ̀ làwọn. Inú mi dùn. Mo ní bó bá jẹ́ Ifẹ̀ ni, ẹbí ni wá, mo bá tú àpò ìkíni sílẹ̀: ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ilé, ẹ kú ìrọ́jú. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi tán, ó sì fèsì lédè kan tó dà bí èdè wa tí wọ́n fi iṣu gbígbóná sí lẹ́nu. Mo mú “omi”, mo mú “ilé”, ìyókù kọjá lọ. Kí á má gbọ́ èdè àjèjì kò dunni. Kí á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ, ìyẹn ló ń pa ènìyàn lẹ́kún. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n fún mi ní ẹní, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ara mi.

Ní Sọ́ńgò Atakpamé

Orí òkè ni Atakpamé wà, òkè mìíràn sì yí i ká. Bí ènìyàn bá ń gun ọ̀nà rẹ̀, ilé tó ti rí lókè á tún di èyí tó wà nísàlẹ̀. Ọlọ́pàá kan tó dé fìlà pupa gba ìwé ìrìnnà mi, ó wò ó lódìlódì, ó ní “ọ́ wí, mesié” lédè Faransé, ó dá a padà. Òun ni ẹnì kan ṣoṣo tó bá mi sọ̀rọ̀ ní wákàtí mẹ́ta.

Sọ́ńgò ni àdúgbò àwọn àlejò tó jẹ́ Mùsùlùmí. Níbẹ̀ ni mo ti rí obìnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà, tó gbọ́ mi tí mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀, tó sì fèsì fún mi. Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Mo bi í léèrè Sàlámì. Ó ní òun kò gbọ́ orúkọ náà rí, kò pẹ́ tí òun dé ìlú náà. Ó mú mi lọ bá àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, àwọn náà ní kò sí Sàlámì ará Ṣakí tó kírun lọ́dọ̀ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ òwú, Agbonú ni wọ́n ń gbé, nísàlẹ̀, níbi tí rélùwéè dúró sí.

Ó wá sọ̀rọ̀ kan tó gba oorun lójú mi. Ó ní, “Lọ́la ni ọjọ́ wọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pé síbi tí ìkòkò yẹn ti bú, wọ́n á pe orúkọ gbogbo ẹni tó pa, wọn kì í fo ẹnì kan. Bí o bá gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ, o ti gbọ́. Bí o kò bá gbọ́ ọ, kò kú síbẹ̀.”

Gbogbo rẹ̀ wá rọrùn báyìí, ó sì le. Mo kàn ní láti dúró, kí n gbọ́ orúkọ, kí n máa gbàdúrà pé kí wọ́n má pè é. Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́ ní kí n jẹun kí n tó lọ ní àárọ̀. Mo ní rárá, pé àlejò kì í gbé oúnjẹ lọ sílé onílé. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ ìdí.

Ìlú tí kò rú èéfín

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ dé Agbonú, oòrùn ti yọ, síbẹ̀ èéfín kan kò jáde lórí òrùlé kankan. N kò gbọ́ odó. N kò gbọ́ òórùn nǹkan kan tó ń jóná tàbí tó ń hó. Mo ní àbí wọ́n ti sá lọ ni, àbí àrùn ti wọlé. Mo ń rìn láàárín ilé, ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń dún, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló jókòó ti ààrò tútù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Dadá Afí. Mo wo orí rẹ̀, mo wá irun dàdá tì. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé “dadá” ni wọ́n ń pe ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n lóbìnrin níbẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá ọjà díẹ̀, bí ó bá sì rọra sọ Ifẹ̀ tirẹ̀, mo ń gbọ́ ju ìdajì lọ. Ó wo iwájú orí mi pẹ́. Mo rò pé ilà ojú mi ló ń wò.

Ó ní iná ni ìkòkò irin náà fi pa àwọn ènìyàn wọn, iná àti omi gbígbóná. Nítorí náà lọ́jọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná ní Agbonú títí wọn yóò fi pe orúkọ tán tí ẹni ìkẹyìn yóò sì gba omi tútù. Ó fún mi ní àkùmẹ̀ àná, òkèlè àgbàdo tó ti le, àti ata tútù. Mo rántí ẹ̀rín Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́. Mo jẹ ẹ́, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́fun, mo sì dúpẹ́.

Nígbà tó yá, gbogbo ará Agbonú gbé ọkọ́ lọ sí iléeṣẹ́ náà, mo tẹ̀ lé wọn. Ògiri méjì ló kù. Àwọn òyìnbó tó ni ín ti kó ohun tó ṣeé kó lọ, wọ́n fi irin ìkòkò tó ya sílẹ̀ nínú koríko. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí tọkùnrin tobìnrin ro ibẹ̀ mọ́. Ẹnì kan na ọkọ́ sí èmi náà, mo gbà á. Ọwọ́ káfíńtà kò bá ọkọ́ rẹ́. Kò pẹ́ tó fi bó. Mo ń ro apá ìlà-oòrùn lémi nìkan.

Orúkọ

Ẹni tó ń pe orúkọ ni Bàbá Kọ̀mí. Òun ló ń kó igi sábẹ́ ìkòkò náà nígbà náà. Ó lọ kó igi sí i ni ìkòkò bú lẹ́yìn rẹ̀. Ìdajì ojú rẹ̀ ti jóná, etí kan kò sì gbọ́ràn mọ́. Ó ń fi ìka ka àwọn òkú lédè Jámánì, torí lábẹ́ àwọn Jámánì ló ti kọ́ ìṣirò kí àwọn Faransé tó gba ilẹ̀ náà.

Bó bá pe orúkọ, ẹnì kan láti ilé olóògbé náà á jáde, á jẹ́ ẹ pé, “Òo,” á sì da igbá omi tútù kan sílẹ̀. Kọ̀jó. Òo. Yawó. Òo. Kòfí. Òo. Opó kan jẹ́ fún ọkọ rẹ̀ láì gbé ojú sókè. Bí Bàbá Kọ̀mí bá la ẹnu, àyà mi á já. Bó bá pa á dé, màá mí. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọrùn mi fi ń ro mí. Lẹ́yìn èyí ló dákẹ́. Ó ká ìka mọ́, ó nu ojú.

Wọn kò pè é. Kò sí Sàlámì, kò sí ẹni tó jọ Sàlámì. Ẹ̀yin ará mi, inú mi dùn débi pé ojú tì mí láàárín àwọn tó ń sunkún. Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo bẹ̀rẹ̀, mo tún ń ro koríko tó ti tán, kí wọ́n má baà rí ojú mi. Mo ti ń ro bí n ó ṣe wọlé, bí n ó ṣe pariwo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé, ìyá mi, ó wà.

Mo wà lórí ìyẹn nígbà tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi, ketekete, “Ẹ kú iṣẹ́.”

Láti ọjọ́ mélòó ni n kò ti gbọ́ ọ! Kí ni ọmọ Yorùbá ń ṣe bí wọ́n bá kí i lórí iṣẹ́? N kò tilẹ̀ nàró. Mo ní, “Òo o, ẹ ṣeun.”

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Mo yíjú padà. Gbogbo wọn ló ń wò mí, Bàbá Kọ̀mí dúró ní kíkọjú sí ìlà-oòrùn, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Dadá Afí ti fi ọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀.

“Ta ni ìwọ?” ni Bàbá Kọ̀mí bi mí, Dadá Afí sì ń túmọ̀ ohun tí n kò bá gbọ́.

Mo ní ẹ má bínú, Bàbá, àlejò ni mí. Ẹ kí mi ni mo ṣe dáhùn.

“N kò kí ọ,” ló wí. “Òkú ni mo pè.”

Ẹni tó ń kí ẹ̀rọ

Ó sọ fún mi níbi tí mo dúró sí. Ó ní Ànàgó kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, wá gba iṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wọlé, ó tẹríba fún wọn, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́.” Àwọn Ewé àti àwọn ará òkè ló pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́, wọ́n rò pé orúkọ rẹ̀ ló ń sọ fún wọn. Wọ́n bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti pè é, inú rẹ̀ á dùn, á jẹ́ ẹ, torí òun rò pé wọ́n ń kí òun. Ó pẹ́ kó tó yé wọn. Nígbà tó yé wọn tán, orúkọ ti mọ́ ọn lára, òun náà sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé àwọn òyìnbó kò tilẹ̀ kọ ìyẹn. “Ànàgó” ni wọ́n kọ síbẹ̀, odidi ìran kan fún ẹnì kan.

“Ó máa ń kí wa bó bá wọlé, ó máa ń kí wa bó bá ń jáde,” ni Bàbá Kọ̀mí wí. “Ó ń kí ẹ̀rọ pàápàá. Lọ́jọ́ náà, ìkòkò ń kérora láti àárọ̀. Wọ́n ní kí n kó igi sí i, mo sì kó o. Ẹkúuṣẹ́ wò ó, ó ní, ‘Ìkòkò, ẹ kú iṣẹ́ o.’ Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.”

Mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ mọ̀. Mo wá “bóyá” kan tí mo lè dì mú. Mo ní àwọn Ànàgó pọ̀. Mo bi í pé, “Bàbá, ọwọ́ wo ló fi ń ṣiṣẹ́?”

Ó gbé ọwọ́ òsì sókè.

Wọ́n na igbá omi kan sí mi, mo dà á sílẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ dà sí mi lẹ́sẹ̀. N kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú gbogbo ènìyàn yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ̀ pé Sàlámì lorúkọ rẹ̀, tàbí pé ó ń bẹ̀rù àkekèé, tàbí pé òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń di ayùn mú. Èmi náà kò sì mọ ọkùnrin tí wọ́n ń sunkún rẹ̀. Ẹni méjì ló kú nínú ara kan, a kò sì lè pín ẹkún náà dọ́gba.

Wọ́n dáná. Èéfín àkọ́kọ́, láti ilé Dadá Afí ló ti jáde. Ó gúnyán, èyí tí wọ́n ń pè ní fùfú níbẹ̀, ó fi ọbẹ̀ gbígbóná sí i, ó sì dúró tì mí títí mo fi jẹ òkèlè kan. Ó ní láti àárọ̀ ni iwájú orí mi ti ń yọ òun lẹ́nu, pé ó jọ ti Ẹkúuṣẹ́, ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ òun. Ó ní lọ́dọọdún, bí wọ́n bá pè é kẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ ẹ, wọ́n á kọjú sí ọ̀nà tó gbà wá, wọ́n á sì dúró títí oòrùn fi kan àtàrí kí wọ́n tó dáná. Àwọn ọmọ á sunkún ebi. Wọ́n á dúró.

Inú bí mi díẹ̀, n kò lè purọ́. Mo bi í pé, “Ẹ̀yin tí ẹ fún un lóúnjẹ, kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ ẹ fún un?”

Ó ní, “Ọmọ ọlọ́mọ ni. Bí mo bá jẹ́ ẹ, mo ti gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ní báyìí tí a ti mọ ilé rẹ̀, mo lè máa jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni kó fún mi láṣẹ.”

Mo lo ọjọ́ mẹ́rin sí i. Mo kan ìjókòó gígùn kan sí ibi tí wọ́n sin gbogbo wọn pọ̀ sí, nítorí àwọn opó ń dúró pẹ́. Bí mo ṣe ń kàn án, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń sọ pé, “Ẹ kú iṣẹ́.” N kò mọ èyí tó jẹ́ ìkíni, n kò mọ èyí tó jẹ́ orúkọ. Mo ń jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ilé

Mo padà wọ Ṣakí ní ìyálẹ̀ta. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí i pé èmi nìkan ni, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ìyá mi, kò sí.”

Ó ní kí n dìde, kí n sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ síbí gan-an. Nígbà tí mo dé ibi àwọn ọmọ tí ebi ń pa títí di ọ̀sán nítorí ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

Lẹ́yìn tí mo dákẹ́, ó bi mí léèrè ẹyọ ohun kan, “Ta ni yóò jẹ́ ẹ lọ́dún tó ń bọ̀?”

Mo ní Dadá Afí ní òun á jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ ló ń dúró dè. Mo ní àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ lè bá wa ránṣẹ́.

Ìyá mi gbé àtẹ ẹ̀wà kúrò lórí ẹsẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Ránṣẹ́ sí i. Sọ fún un pé kó máa jẹ́ ẹ.”

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sunkún.